Ẹni tó Kú Ló Ń Jẹ́ Iṣẹ́ Náà

Òórùn sítáàṣì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí a sè títí ó fi ki, tó ń tutù nínú bàsíà lórí fàráńdà ilé wa ní Bukuru. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà, ètè gbogbo wa ti là. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn gbígbẹ yẹn dára fún iṣẹ́ tí ìyàwó mi ń ṣe. Ó ń fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ya, ó ń rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú amọ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ, ìpele kan lórí èkejì, títí yóò fi tó mẹ́fà. Bí wọ́n bá gbẹ, á yọ wọ́n, á gé ihò ojú àti ẹnu sí wọn, á sì fi wọ́n há orí wáyà tí a ń sá aṣọ sí. Ìbòjú méjìlá ti ègbè, àwọn elégbè orin inú eré wa, ló kọ́kọ́ parí. Ojú kan náà ni gbogbo wọn, ojú àgbà tó ti sunkún tán, ẹnu wọn là sílẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, àwọn ni mo máa ń kọ́kọ́ bá. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, wọn á kọ ẹ̀yìn sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọn á sì tún rọra yíjú padà, bí ẹni pé ẹnì kan bá wọn sọ̀rọ̀ láti inú ilé.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi náà ṣe iṣẹ́ olùkọ́, o mọ bí ohun tí a ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ṣe máa ń tẹ̀ lé ni wọlé. Eré orí ìtàgé ni mo ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Jos, eré àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni mo sì fẹ́ràn jù. Orin àti ijó ló bí eré wọn, níbi ọdún òrìṣà ọtí wáìnì. Ègbè nìkan ló wà níbẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó ń kọrin, tí wọ́n ń jó yí pẹpẹ ká. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, ẹnì kan jáde láàárín wọn, ó yíjú sí wọn, ó sì dá wọn lóhùn bí ẹni pé òun kì í ṣe ara wọn mọ́. Bí òṣèré àkọ́kọ́ ṣe dáyé nìyẹn. Nígbà tó yá wọ́n di méjì, wọ́n di mẹ́ta, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Àwọn mẹ́ta yẹn ló ń ṣe ọba, tí wọ́n ń ṣe ayaba, tí wọ́n ń ṣe òrìṣà. Ìbòjú ni wọ́n kàn ń pààrọ̀. Wọn kì í sábà kú lójú òǹwòran. Ẹni tó máa kú á wọ ilé ẹ̀yìn ìtàgé, oníṣẹ́ á sì jáde wá ròyìn bó ṣe kú. Nítorí pé òṣèré kò tó, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó kú náà ló máa pààrọ̀ ojú nínú ilé, táá sì jáde wá jẹ́ iṣẹ́ ikú ara rẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo kọ eré kan lédè Yorùbá ní ìlànà wọn, nípa ayaba ìlú kan tí omi ìlú náà gbẹ. Ayaba wọ inú àpáta lọ láti bẹ omi, kò sì padà. Àwa díẹ̀ la kó ara wa jọ láti ṣe é, àwọn olùkọ́ àti oníṣòwò, ọmọ Yorùbá tí a bí sí Jos ni ọ̀pọ̀ wa. Ibi tí a máa ṣe é ni mo fi ń yangàn. Ní Du, abúlé kan nítòsí Bukuru, kòtò kan wà tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó. Wọ́n gbẹ́ apá kan rẹ̀ ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbẹ́ òkè tí àwọn Gíríìkì máa ń jókòó sí. Lásìkò òjò ó máa ń kún fún omi. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gbẹ, á funfun, á le. Àwọn ará Du kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, torí omi ibẹ̀ ti gbé ọmọ lọ rí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo mú ìyàwó mi lọ, mo ní kó jókòó sí ìpele òkè pátápátá, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì pe orúkọ rẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí a bá wà lórí ibùsùn. Mo rí i tó yíjú wẹ̀yìn kíá. Ó ní kì í ṣe láti ìsàlẹ̀ ni òun ti gbọ́ ọ. Ó ní ẹ̀yìn ọrùn òun ló ti wá.

Ó ku bí oṣù kan kí a ṣeré náà nígbà tí wọ́n gbé òṣèré wa kẹta, akọ̀wé báńkì, lọ sí Màkúdí. Òun ló máa ṣe ayaba àti oníṣẹ́. Ìyàwó mi ní kí n má wá ẹnikẹ́ni, òun máa ṣe é. “Tíṣà, ṣé ẹ rò pé mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń kà á ní balùwẹ̀?” Tíṣà ló máa ń pè mí láti ìgbà tí a ti ń fẹ́ra. Olórí ègbè wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Bukuru, kò jẹ́ kó sinmi.

“Haba, Madam! Obìnrin gbé eégún! Tí wọ́n bá gbọ́ nílé yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ò délé mọ́ nìyẹn o.”

“Eégún Gíríìkì ni, kò mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwọ tó o mọ eégún, báwo ni wọ́n ṣe ń kí i?”

“Ina zan sani?” ni ó fi Hausa dáhùn, pé níbo ni òun ti fẹ́ mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣàlàyé ipa méjèèjì tó máa kó fún un. Ó gbé ìbòjú oníṣẹ́ lé orúnkún, ó ń fi èékánná họ sítáàṣì etí rẹ̀. “Ẹni tó kú yẹn náà ló máa wá sọ ọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ṣé àwọn èèyàn ò ní í mọ̀ pé òun ni?” Mo ní wọ́n lè mọ̀, ṣùgbọ́n ìbòjú ti yí padà, wọ́n ti gbà pé ẹlòmíràn ni. “Wọ́n á sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán?” Mo ní kò sẹ́ni tó ń já lu oníṣẹ́. Ó mi orí, ó ní àwọn èèyàn yẹn gbọ́n. Mo rò pé eré ló ń bi mí léèrè.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Ìyẹn lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan tí ọyẹ́ bo ojú ọ̀run débi pé a kò rí etí kòtò náà láti ìsàlẹ̀. Bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ dé wa mọ́lẹ̀ ni. A ta tápólì sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ilé. Àwọn méjìlá wọ ojú kan náà, wọ́n dúró yíká, èmi sì jókòó sí ìpele kẹta pẹ̀lú ìwé eré lórí itan. Ìyàwó mi wọ inú tápólì lọ bí ayaba. Nígbà tó jáde, ó ti di oníṣẹ́. Bàtà rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Mo ti rí i ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, síbẹ̀ irun ọwọ́ mi dìde, torí ìbòjú yẹn máa ń gba ohùn èèyàn, á sì dá ohùn mìíràn padà, ohùn tí kò ní ọjọ́ orí.

“Ayaba ti wọ inú àpáta lọ,” ni ó sọ. “Kò wẹ̀yìn.” Ohun tí mo kọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀.

“Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n sọ fún ọkọ òun pé òun ti mọ̀ láti ìgbà tí àgbàdo gbó. Ó ní nǹkan kan wà lára òun, ó le bí òkúta, kò sì dun òun. Ìgbà tí òun ń wẹ̀ ni òun fọwọ́ kàn án, òun sì yára gbé ọwọ́ kúrò, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn onílẹ̀kùn.”

Olórí ègbè rò pé ó ti parí. Ó gbé orin arò, àwọn tó kù yíjú sí i, wọ́n ń sunkún ayaba bí mo ṣe kọ́ wọn. Ìyàwó mi kò dákẹ́. Ohùn rẹ̀ ń gba abẹ́ orin wọn bọ̀, ó sì ń kàn mí lẹ́yìn ọrùn: “Ó ní ohun tí òun fẹ́ kí ọkọ òun ṣe ni pé...”

Mo pàtẹ́wọ́. Kòtò náà tún un pa lẹ́ẹ̀mejì. “Ẹ dúró, ẹ dúró. Kò sí ìyẹn nínú ìwé!”

Ègbè dá orin dúró. Ìyàwó mi kò ṣí ìbòjú. Ojú oníṣẹ́ yẹn ṣáà ń wò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, títí ó fi sọ pé, “Ẹ má bínú, mo gbàgbé ọ̀rọ̀.” Ibẹ̀ la wà nígbà tí ohùn obìnrin kan ti òkè dún. Ìyá arúgbó ará Du kan ló dúró sí etí kòtò nínú ọyẹ́ pẹ̀lú igi ìdáná lórí. A kò mọ ìgbà tó dé. “Wace ce ta mutu?” Ó ń bèèrè ta ni obìnrin tó kú. Olórí ègbè ṣí ìbòjú tirẹ̀, ó pariwo pé, “Babu, Mama, wasa ne,” pé kò sí ẹnì kankan, eré ni. Ìyá náà kò kúrò. Kò wo olórí ègbè, kò wò mí; ìyàwó mi ló ń wò. Ó ní, “To. Sai haƙuri,” àfi sùúrù, bí a ṣe máa ń kí ọlọ́fọ̀, ọyẹ́ sì gbà á wọlé.

Nínú mọ́tò, mo ní, “Ọ̀rọ̀ tí o fi rọ́pò èyí tí o gbàgbé kò burú o, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ kì í ròyìn ìwẹ̀ ayaba.” Ó wo ojú fèrèsé, ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tí a délé, mo fi báírò pupa fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì gbé e fún un. Ó gbà á. Lọ́jọ́ eré, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Àwọn èèyàn ti Vom wá, wọ́n ti Jos wá, wọ́n ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Mo dì mọ́ ọn lẹ́yìn tápólì, mo ní, “O sọ gbogbo rẹ̀ pátápátá.” Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, lówùúrọ̀ Sunday kan, kò lè gbé apá òsì sókè láti wé gèlè. Mo bèèrè títí ó fi lọ mú káàdì ilé ìwòsàn kan jáde láti abẹ́ àpótí aṣọ. Mo ka jẹjẹrẹ ọmú lórí rẹ̀, mo sì rí ọjọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbòjú kankan nígbà náà. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Ó gbé ọwọ́ kan sókè.

“Ẹ rí i? Bí màmá mi náà ṣe ṣe nìyẹn. Mi ò tíì sọ ìdajì tí àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ fún ló ń sọ pé kò ní í rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.”

“Èmi ńkọ́? Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Mo sọ fún yín.”

“Nígbà wo?”

“Ní Du. Ẹ ní kò sí nínú ìwé.”

Mo dá káàdì náà padà fún un. Nígbà tó yá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un sọ. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n bí ojú wa ṣe pàdé báyìí, ó rí ojú mi, ọ̀rọ̀ náà sì há. Ó ní kí n jáde sí pálọ̀, kí n jókòó. Ó wọ yàrá, ó fa kọ́tìnì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn yẹn dé, ohùn kòtò náà, kò sí ìbòjú kankan lójú rẹ̀, síbẹ̀ òun ni. Ó sọ ọ́ láti ìgbà tí àgbàdo gbó dé òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó sọ ohun tí dókítà sọ. Ó ní ayaba ní kí ọkọ òun má bá òun tún un ṣe, kó má sọ pé kò ní í rí bẹ́ẹ̀. Kó kàn jókòó ti òun, kó máa gbọ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń yún mi. Mo fi wọ́n sábẹ́ itan.

Ó lọ kí òjò ọdún yẹn tó dáwọ́ dúró. Àwọn ìwé sọ ìdí bíi mélòó kan tí àwọn Gíríìkì fi ń ti ikú mọ́lé, mo sì ti fi gbogbo wọn dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́kọ̀ọ́: ìbọ̀wọ̀ fún òrìṣà, ìtìjú, àìtó òṣèré. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i báyìí pé àwọn kan wà láàárín wa tí a kò jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn sọ ohun tó ń ṣe wọ́n, nítorí ìfẹ́, nítorí ẹ̀rù, nítorí pé a ti kọ́ ẹnu wa láti yára ju etí wa lọ. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ìyàwó mi fi dá nìkan gbé e lẹ́yìn tí ó ti sọ ọ́ fún mi níwájú èèyàn méjìlá. N kò rí wọn san padà.

Nígbà tó ṣí kọ́tìnì lọ́jọ́ yẹn, ó ti bọ́jú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé ṣé mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi bí omi. Mo ní, “Mo gbọ́.” Ó wá jókòó tì mí.