Ẹni Tó Ń Ṣe Ìró Ìṣubú

Gbàmù ni gbogbo wa ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ìró ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", torí ó fi ọdún mẹ́rìnlá jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n lo "ó" níhìn-ín kí ìtàn má baà lọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kàtúùnù fún tẹlifíṣọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ayàwòrán á ya ológbò kan àti èkúté kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwòrán náà á wá sọ̀kalẹ̀ wá bá Gbàmù láìní ìró kankan, nínú yàrá kan tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ògiri rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń fi ìró sí i.

Bí èkúté bá fi páànù gbá ológbò lórí, páànù àtijọ́ kan tí ìdí rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ ni Gbàmù máa lù: gbàùn! Bí eyín ológbò bá dà sílẹ̀, bọ́tìnì ni, èyí tó jí kó nínú agolo ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ: wàràwàrà. Ṣùgbọ́n ìṣubú ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ó máa ń sọ fún wa pé ìṣubú kì í ṣe ìró kan ṣoṣo. Ohun tí ológbò gbé lọ́wọ́ ló máa kọ́kọ́ já, ara á tẹ̀lé e, nǹkan kékeré kan á ṣì máa yí lọ nílẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. "Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín," ló máa wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀ kí ológbò tó dìde."

Ọkùnrin tó ń fi áyọ́ọ̀nù fọ́ orí ológbò látàárọ̀ dalẹ́ yìí kò lè pa aáyán. Ìgbálẹ̀ ló fi máa ń sìn ín jáde bí àlejò. Èmi ní tèmi, n kì í rẹ́rìn-ín sí kàtúùnù wọn. Èmi ni irú ẹni tó máa ń béèrè pé ta ló máa gbá àwo fífọ́ yẹn nílẹ̀. Gbàmù á ní, "Àbúrò mi, ọjọ́ tí mo bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín ni mo máa fẹ̀yìn tì."

Eré kan wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n mi. Bí ohunkóhun bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní kíṣìnì, Gbàmù á pariwo láti pálọ̀ pé, "Tún un ṣe!" Ẹ̀gbọ́n mi á dáhùn pé, "Ó di ọ̀la!" Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi ṣe eré yìí, kò sú wọn.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo lọ kí wọn. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi àti Gbàmù jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi wà ní kíṣìnì. Ológbò ń gbé àwo gègèrè gun àtẹ̀gùn, èkúté sì ti da omi ọṣẹ sílẹ̀ dè é. Bí ológbò ṣe yọ̀ báyìí, ìró dún láti kíṣìnì: gbàgàdà! Gbì! Ọmọrí ìkòkò kan sì ń yí wọ̀ǹràn-wọ̀ǹràn nílẹ̀. Ó bá ti tẹlifíṣọ̀n mu bí ẹni pé wọ́n jọ fi kọ́ra.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi tí n kì í rẹ́rìn-ín! Mo rín in títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín mi ló pa Gbàmù lẹ́rìn-ín, ló bá pariwo pé, "Tún un ṣe!" A kò gbọ́ "Ó di ọ̀la." Gbàmù rọra sọ fún mi pé, "Ó ti mọṣẹ́. Ó ń fún wa ní ìdákẹ́jẹ́." Ni mo bá tún bú sẹ́rìn-ín. A wo kàtúùnù náà dópin, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni ojú Gbàmù yí padà. "Ọmọrí yẹn dákẹ́ fúnra rẹ̀," ló wí. "Ìyàwó mi máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni." Ó dìde, ó sáré.

Àpótí ni ẹ̀gbọ́n mi gùn láti gbé ìkòkò ńlá sọ̀kalẹ̀. Àpótí yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì fi orí gbá etí síǹkì.

Ní ọsibítù, dókítà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí n tó la ẹnu, Gbàmù ti dáhùn. "Èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo gbọ́ nígbà tó ṣubú. Mo ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn Gbàmù, mo mú bàtà ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, mo jẹ́ kí dókítà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bi dókítà bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi wà nílẹ̀ ló fà á tí kò fi lajú. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò lajú mọ́. Ọjọ́ karùn-ún ló kú.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, ṣùgbọ́n nínú ẹbí wa, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ti ẹ̀rín yẹn sétí. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin fẹ́ẹ̀ lu Gbàmù nígbà tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ìyàwó ẹ ń kú lọ, o ń rẹ́rìn-ín! O tún ní kó tún un ṣe!" Gbàmù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Gbogbo wọn rò pé ọsibítù ni mo ti bá a. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bi í pé, "Bàbá mi, ṣé lóòótọ́ ni?" ó ní, "Lóòótọ́ ni." Láti ibi ìsìnkú ni ọmọ náà ti tẹ̀lé mi lọ sílé.

Èmi kò bímọ. Lóṣù kejì, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà nawọ́ sí mi láti inú yàrá, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi mú kóòmù." Kò mọ̀ pé òun ti pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ojú tì mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn ju bí ojú ṣe tì mí lọ.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Gbàmù ń wá dúró ní géètì wa pẹ̀lú ìwé, bàtà, ohun tí ọmọ nílò. Ọmọ á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Gbàmù á gbé ẹrù náà fún mi, á ní, "Bá mi kí i." Ó ti rù. Mo gbọ́ pé níbi iṣẹ́, ó ṣì ń lu páànù, ó ṣì ń da bọ́tìnì, ṣùgbọ́n bí ológbò bá fẹ́ ṣubú, á jáde síta, ẹlòmíràn á ṣe é. Ọdún méjì ni mo fi ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé màá sọ ọ́ lọ́la.

Ọjọ́ tí ọmọ parí ilé ìwé, ó gbé fọ́ọ̀mù kan wálé kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Níbi orúkọ ìyá, ó kọ orúkọ mi. Níbi orúkọ bàbá, ó kọ "Olóògbé".

Mo wo ọ̀rọ̀ yẹn títí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ á bá a. Mo ní kó jókòó. Mo sọ fún un pé èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Ta ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó dìde, ó ń di ẹrù. Mo bá a gbé báàgì kan, mo ń tẹ̀lé e lẹ́yìn lójú títì, kò wẹ̀yìn. Nígbà tí Gbàmù ṣílẹ̀kùn, ọmọ náà kúnlẹ̀, ẹkún tó ti ń pa mọ́ láti ọdún méjì sì tú jáde. Bàbá rẹ̀ gbé e dìde, ó ní kó wọlé lọ bọ́jú. Ó wá kọjú sí mi. Kò bínú. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní ó bínú.

"Àbúrò mi, kí ló dé tí o sọ ọ́?"

"Bùrọ̀dá, kò dáa kó máa kórìíra yín lórí ohun tí a jọ ṣe."

"Mo mọ̀ pé kò dáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti lọ. Mo fẹ́ kó ní òmíràn tí kò ní wò bó ṣe ń wò mí."

Ọmọ náà jáde, ojú rẹ̀ ṣì tutù, ó wá gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Ẹ ṣé, ma," ló wí, bí èèyàn ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá a ru ẹrù láti ibùdókọ̀. Mo ní kò tọ́pẹ́.