Ìkíni Orí Omi Tiga

Bí a bá ń wá ẹni tó mọ bí ọkọ̀ ṣe ń yà fún ọkọ̀, Obadiah Akínṣọlá ni ká lọ bá. Iṣẹ́ tó gbé e wá sí Kano nìyẹn. Ọdún mẹ́tàlélógún ló lò ní ibùdó rélùwéè, tó ń rí i pé ọkọ̀ méjì kò pàdé lójú irin kan ṣoṣo, wọn kò sì fi ìwé ìbáwí kan ránṣẹ́ sí i rí. Ká ní ẹnìkan sọ fún un nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ta ni yóò yà fún ta ni ló máa ba ayé rẹ̀ jẹ́, ì bá ní kí onítọ̀hún lọ fi omi tútù bọ́jú.

Ará Ìkirun ni. Ó ń gbé ní Abeokuta Road, ní Sabon Gari, nínú ilé oníyàrá mẹ́rìnlá kan tí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà láàárín àgbàlá rẹ̀. Òun àti Alice ìyàwó rẹ̀ ní yàrá méjì lápá ọ̀tún. Lódìkejì, Dìran ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú Rosaline ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Ará Ìkirun ni Dìran náà, akọ̀wé ni níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù ní ibùdó rélùwéè kan náà. Akínṣọlá ló bá a wá iṣẹ́ yẹn. Òun ló dúró bí ẹbí fún un lọ́jọ́ ìdána. Ó fi ọdún mẹ́fà ju Dìran lọ, Dìran kò sì pè é ní ohun mìíràn ju "Bọ̀dá mi" lọ. Àwọn ọmọ Dìran, tí wọ́n bí sí Kano, tí Hausa yọ̀ lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ, Baba Babba ni wọ́n ń pè é, ìyẹn bàbá tó dàgbà ju bàbá wọn lọ. Ọlọ́run kò fún Akínṣọlá àti Alice lọ́mọ. Tí a bá yọ ilé Dìran kúrò, kò sí ẹni tó kù fún wọn ní gbogbo Kano.

Ní nǹkan bí 1976, nígbà tí omi tí ìjọba sé ní Tiga ti kún di adágún ńlá, Dìran ra ọ̀pá ìwọ̀ méjì lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ padà sílé. Ó fún Bọ̀dá rẹ̀ ní ọ̀kan. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, àwọn méjèèjì á gun alùpùpù Dìran, ó di Tiga. Kálukú ra ọkọ̀ igi kékeré kan tó gba ènìyàn kan. Ẹnìkankan nínú wọn kò mọ̀wẹ̀. Ta ló fẹ́ kọ́ wọn ní wíwẹ̀ ní Ìkirun?

"Ẹja yín yìí," Alice máa ń wí, "tí a bá ro epo alùpùpù mọ́ ọn, ó wọ́n ju odidi àgùntàn lọ."

"Jẹ ẹ́ ná," Akínṣọlá á dáhùn, "kí o tó máa pa owó rẹ̀."

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n mú wọn lọ sọ́dọ̀ Sarkin Ruwa, bàbá Hausa tó jẹ́ olórí àwọn apẹja. Òfin kan ṣoṣo ló fún wọn. Ẹni tó jókòó, tó ju ìwọ̀ sómi, kò gbọdọ̀ yẹsẹ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ ló gbọdọ̀ kígbe kí i láti òkèèrè, kó sì dúró títí onítọ̀hún yóò fi sọ ibi tí kó gbà, nítorí òun nìkan ló mọ ibi tí okùn rẹ̀ tàn dé. Akínṣọlá bèèrè pé tí ẹni tó ń kọjá bá jẹ́ àgbà ńkọ́?

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Kò sí àgbà lórí omi," ó ní. "Ẹni tó ń lọ lọmọdé."

Akínṣọlá gba òfin yìí, ó sì pa á mọ́, àfi níbi kan. Bó bá ń wa ọkọ̀ bọ̀, á kígbe sí ọmọ Hausa tí kò tíì hu irùngbọ̀n pé, "Sannu da aiki!" ìyẹn, o kú iṣẹ́. Ọmọ náà á dáhùn pé, "Yauwa, bi ta baya!" kó gba ẹ̀yìn. Kò ni ín lára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Dìran ló jókòó síwájú, ẹnu rẹ̀ á wúwo. Hausa lẹ́nu rẹ̀ dà bí aṣọ iṣẹ́, ó lè wọ̀ ọ́ kó sì bọ́ ọ. Àmọ́ kí àgbà ṣí ẹnu, kó fi Yorùbá kọ́kọ́ kí àbúrò rẹ̀ lójú gbogbo ayé, wọn kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nílé bàbá rẹ̀. Dìran mọ̀. Fún bí ọdún márùn-ún, bó bá ti rí i tó ń bọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ kígbe, "Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ gba ẹ̀yìn mi!" Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa.

Ní Sátidé kan ní 1981, ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀ Dìran. Ó dojú kọ omi, ó ń fa okùn, kò wo ẹ̀yìn. Akínṣọlá ń bọ̀. Ó ń retí kí wọ́n kí òun, kò gbọ́ nǹkan kan, kò sì dúró. Ọkọ̀ rẹ̀ gorí okùn náà, okùn já, ẹja lọ.

"Bọ̀dá mi! Ẹ ò rí okùn ni?"

"Ìwọ ò rí èmi ni? Kí ló dí ọ lẹ́nu?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń lọ, èmi jókòó. Ẹ sì kí ọmọ tó wà lọ́hùn-ún yẹn. Mo gbọ́ ọ."

"Hausa nìyẹn."

"Ṣé omi mọ èdè ni?"

Àwọn apẹja tó wà nítòsí ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, ẹ wo àwọn Yorùbá, wọ́n ń ja ìjà ìkíni, ẹja ti délé ìyàwó rẹ̀.

"Dìran," Akínṣọlá wí, "èmi tí mo dúró fún ọ lọ́jọ́ ìdána, ṣé kí n máa dọ̀bálẹ̀ fún ọ lórí omi ni?"

"Ta ló ní kí ẹ dọ̀bálẹ̀? Nínú ọkọ̀ bíńtín yẹn? Ẹ ó kàn ṣubú sómi ni."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lẹ́yìn èyí, ó gbọ́ ọ délé. Kò gun alùpùpù padà. Ó wọ ọkọ̀ èrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dìran dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹ̀rọ omi. "Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá mi. Ẹ má bínú." Akínṣọlá gbé garawa rẹ̀, ó kọjá. Alice bi í pé kí ló tún fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ṣe.

"Orí omi ló ti tàbùkù mi," ó ní. "Orí omi ni kó ti wá kí mi. Níṣojú àwọn tó rẹ́rìn-ín."

Rosaline bẹ̀bẹ̀. Ó kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kún fún iyanrìn. Pásítọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì. Dìran fi odidi oṣù mẹ́ta kí i láràárọ̀ láìgba èsì, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Lórí omi, kò jẹ́ kígbe mọ́. Ó ní òfin Sarkin Ruwa ni òun ń tẹ̀ lé. Báyìí ni ọkùnrin méjì tó ń pọnmi níbi ẹ̀rọ kan ṣe di odi síra wọn fún ọdún méjì. Àwọn ọmọ nìkan ni kò gbà. Bí Akínṣọlá bá ti ibi iṣẹ́ dé, Ọmọ́ládé, àbíkẹ́yìn Dìran, á sáré wá so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ní Kérésìmesì 1982, Dìran fi ẹja yíyan méjì rán Ọmọ́ládé sí i. Akínṣọlá gbà á. Ó jẹ orí ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀kọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín nìkan bó ti ń jẹun. Ó sọ fún Alice pé ọkàn ọmọ náà ti rọ̀, pé lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí omi, ọ̀rọ̀ á sì tán.

"Kí ló dé tí ẹ ò lọ dúpẹ́ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí? Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni."

"Ó kù díẹ̀," ó ní.

Sátidé kejì nínú oṣù January, ọyẹ́ mú Kano bí ẹni fẹ́ pa á. Eruku bo Tiga débi pé ènìyàn kò rí orí ọkọ̀ ara rẹ̀ dáadáa. Akínṣọlá ń wa ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́ nígbà tó gbọ́ ikọ́ kan níwájú. Ikọ́ méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Ó ti ń gbọ́ ikọ́ yẹn láti òdìkejì àgbàlá fún ọdún mẹ́rìnlá. Kò sí ẹlòmíì.

Ó gbé àjẹ̀ sókè, omi ń kán lára rẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kó sọ kò ju pé, "Dìran, o kú iṣẹ́. Ibo ni kí n gbà?" Ó ti ya ẹnu. Ohùn Dìran ló kọ́kọ́ jáde nínú eruku náà.

"Wane ne? Ta ló ń bọ̀? Mo wà níbí o!"

Akínṣọlá pa ẹnu dé. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìkíni, ẹnikẹ́ni ni wọ́n lè sọ ọ́ fún. Ó rò ó pé òun á gba apá òsì kọjá wọ́ọ́rọ́. Ó ki àjẹ̀ bọmi lẹ́ẹ̀mẹta. Apá òsì gan-an ni Dìran wà, ó dúró nínú ọkọ̀, ó fẹ́ wo ẹni tó ń bọ̀. Ọkọ̀ kọlu ọkọ̀. Dìran fi ẹ̀yìn balẹ̀ sínú omi pẹ̀lú kóòtù onírun tí iléeṣẹ́ fún wọn fún ọyẹ́. Akínṣọlá na àjẹ̀ sí i. Àjẹ̀ náà kò gùn tó. Ó kígbe nígbà náà, gbogbo Tiga gbọ́ ọ. Orúkọ Dìran ló ń ké.

Nígbà tí àwọn apẹja gbé e jáde, oòrùn ti là díẹ̀. Sarkin Ruwa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú náà. Ó bi Akínṣọlá ní ìbéèrè méjì péré. Ta ló ń lọ? Akínṣọlá ní òun ni. Ṣé o kí i?

"Mo kí i," ló ní. "Kò dáhùn."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ṣáájú òkú dé Abeokuta Road. Wọ́n sin Dìran sí ìtẹ́ òkú àwọn Kristẹni, gbogbo ẹnu ló sì ń sọ ohun kan náà: ó mà ṣe o, oríkunkun ló pa ọmọkùnrin yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí i, ó di odi títí ikú fi dé.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Rosaline ní kí Akínṣọlá wọlé jókòó. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi forí jì í," ó ní. "Mo ti ń bínú sí òkú láti ọjọ́ yìí. Mo ní, Dìran, kí ló máa ná ọ láti dá wọn lóhùn? Àwọn ọmọ rẹ ńkọ́? N kò lè sunkún rẹ̀ dáadáa."

Ó ti ṣe tán láti ní òun ti forí jì í. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ yàtọ̀.

"Rosaline, n kò kí i."

Obìnrin náà ń wò ó.

"Òun ló sọ̀rọ̀. Ó bèèrè ta ló ń bọ̀, ó ní òun wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé òun ni. N kò dáhùn."

Rosaline kò pariwo. Bí Akínṣọlá ṣe fẹ́ kúnlẹ̀, ó ju ọwọ́ sí i kó má ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń lé adìyẹ.

"Místà Akínṣọlá," ó ní, "ẹ dìde lórí àga ọkọ mi. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Sarkin Ruwa. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ará ilé yìí. Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀bi yẹn kí n tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ."

Ó sọ ọ́ fún àwọn ará ilé lọ́jọ́ Sunday, níbi ẹ̀rọ omi, lẹ́yìn ìsìn. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn gbé garawa wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku òun nìkan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí Tiga. Sarkin Ruwa gbọ́ ọ títí dópin.

"Mo ti mọ̀," bàbá náà wí. "Dìran kì í gbọ́ ìkíni kó má dáhùn. Kódà ọmọ kékeré. Mo ń dúró de ìgbà tí o máa wá ni." Ó ní kó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní, kó má sì wá sórí omi náà mọ́. Akínṣọlá kò bẹ̀bẹ̀.

Ó ti ń di ìrọ̀lẹ́ nígbà tó wọ àgbàlá. Ilẹ̀kùn Dìran ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n ti gbá inú yàrá. Alice jókòó lórí àpótí nínú ilé, kò tíì tan iná.

"Wọ́n bá rélùwéè ọ̀sán lọ," ó ní. "Mo bá wọn gbé ẹrù dé ibùdó."

"Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan?"

"Rosaline ní ó dàárọ̀. Ọmọ́ládé ló ń wò kiri títí wọ́n fi wọ ọkọ̀. 'Ina Baba Babba?' Ibo ni Baba Babba wà? Ó bèèrè, ó tún bèèrè."

"Kí ni ìyá rẹ̀ ní?"

"Ó ní kó di ìkòkò ọbẹ̀ mú dáadáa, kó má baà dànù."