Ìyá Tó Dá Mi Lóhùn ní Joju

Ọjọ́ tí ìyá kan dá mi lóhùn ní Joju ni mi ò lè gbàgbé. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Agbára, ṣùgbọ́n ìpolówó orí rédíò ló wù mí. Gbogbo ibi tí mo ti lọ dán ohùn wò, "Ìwé lò ń kà, o ò bá èèyàn sọ̀rọ̀" ni wọ́n ń sọ.

Lọ́jọ́ náà, mo lọ dán ohùn wò ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Joju; ooru mú, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ ka ìpolówó náà, mo rántí màmá mi, mo sọ ìkíni inú rẹ̀ bí ẹni pé òun ni mò ń kí, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ìyá wa."

Ìyá tó ń gbálẹ̀ níta dáhùn pé, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

Ọ̀gá tó ń gba ohùn sílẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Wọ́n dá ọ lóhùn. Ìwọ la mú."

Títí dòní, bí mo bá kí àwọn olùgbọ́, mo máa ń dúró díẹ̀ kí wọ́n lè dáhùn.