Òkìtì Ìyá Ilẹ̀dú

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ilẹ̀dú. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Nígbà tí epo ọkọ̀ wọ́n, tí ajílẹ̀ inú àpò kò dé oko wa mọ́, ó kó ewé tútù, koríko gbígbẹ, eérú àti ìgbẹ́ adìẹ jọ lẹ́yìn ilé ìdáná. Òkìtì náà ga dé àyà rẹ̀. Òun ló sọ iyanrìn oko wa di ilẹ̀ dúdú. Ọdún mọ́kànlá la fi yó.

Láràárọ̀, á fa ọ̀pá irin kan yọ láàárín òkìtì, á fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá gbóná, òkìtì ń jẹrà, ó ń jinná nìyẹn. Ní ọjọ́ keje-keje, á fi ṣọ́bìrì tú u, á tún un kó jọ. Apá òsì ló ń dà á sí. Àwọn aládùúgbò ní kò fọwọ́ kan iwájú orí ọkọ rẹ̀ wò tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ibà dá ọkọ náà dùbúlẹ̀. Ó ní ọkọ òun kò lè mú àgbàdo hù.

Ẹ̀gbọ́n mi kú nígbà tó ku ogójì ọjọ́ kí òjò dé. Agbọ̀n irúgbìn kan ṣoṣo ló kù. Bí òkìtì bá tutù láìjinná, inú iyanrìn lásán la ó gbìn ín sí, ebi dé nìyẹn. Ìbàdí mi kò gba ṣọ́bìrì mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí a jọ ń gbé, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni.

Ní ọjọ́ keje lẹ́yìn ikú rẹ̀, mo jí, wọ́n ti tú òkìtì, wọ́n ti tún un kó. Mo kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kú iṣẹ́. Ó ní èmi lòun rò pé ó ṣe é. A jọ lọ wò ó.

Apá òsì ni wọ́n dà á sí. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni àwa méjèèjì.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, bákan náà. Mo ní n óò gbé àpótí síbẹ̀, n óò ṣọ́ ọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fún ìkókó rẹ̀ lọ́mú, kò gbójú sókè.

“Bàbá, àgbàdo lẹ fẹ́ jẹ ni àbí ìdáhùn?”

Mo bi í pé kí ló ní lọ́kàn.

“Bẹ́ ẹ bá rí i, ó lè má wá mọ́.”

Mo fi àpótí mi sílẹ̀ nínú ilé.

Òjò dé. A kó agbọ̀n ilẹ̀ dúdú mẹ́tàdínláàádọ́rin lọ sóko, òkìtì tán. Àgbàdo yọ, a jẹ, ó ṣẹ́kù. Mo fi ọ̀pá irin ti ògiri ilé ìdáná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀pá náà ti dúró gbọn-in láàárín ilẹ̀ òfìfo tí òkìtì wà tẹ́lẹ̀. Mo fà á yọ, mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó gbóná.

Mo wẹ̀yìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń kó ewé òkìtì tuntun bọ̀, ìkókó wà lẹ́yìn rẹ̀.