Orúkọ Àna Nínú Ìwé Ìgbàwọlé

Nígbà tí ọdún ẹgbàá kù díẹ̀ kó wọlé, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ́kọ́ọ̀dù ní ọsibítù aládàáni kan ní Bódìjà. Girama ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀, bó ṣe rí gan-an ni mò ń kọ ọ́.

Ring Road ni yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wa wà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń bọ̀ ni wọ́n máa ń fi èsì rán sí wa. Òjò á pa ìwé náà, tàbí kó sùn sápò ẹni tí wọ́n fi rán. Ìgbà tó yá, ọ̀gá wa, dókítà àgbà, ra kọ̀ǹpútà méjì. Ẹnjiníà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Ágbowó so wọ́n pọ̀ gba inú wáyà tẹlifóònù. Bí ẹ̀rọ Bódìjà bá béèrè èsì, ẹ̀rọ Ring Road á kọ́kọ́ wo ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Bí àdírẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ bá wà nínú ìwé ìgbàwọlé, ìyẹn àkójọ àwọn tí ẹ̀rọ lè dá lóhùn, á dáhùn. Bí kò bá sí, á kọ̀, kò sì ní sọ pé ẹ máà bínú. Èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú ìwé náà. Ìlà kan péré ló wà nínú rẹ̀: Bódìjà.

"Màdámù," ẹnjiníà kìlọ̀ fún mi, "ẹ̀rọ yìí ò mọ pálọ̀ yàtọ̀ sí yàrá o. Ẹni tí ẹ bá kọ síbẹ̀, gbogbo ilé ló máa rí."

Ìlà kan yẹn ń dun ọ̀gá. Èèyàn tí kò lè sọ pé rárá ni wọ́n. "Ta ló ń ṣe ìnáwó," wọ́n á ní, "tó pe ẹyọ ènìyàn kan?"

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì ní Olúyọ̀lé wá ṣe àyẹ̀wò oyún. Owó ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Ó jókòó níwájú mi, ó rọra béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èsì yìí ò ní dé ọ́fíìsì wa? Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo lóyún, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé."

Mo ní kò ní débẹ̀. Mo sọ fún un pé kó padà wá lọ́jọ́ Ajé, nítorí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni èsì rẹ̀ máa wọ inú ẹ̀rọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà ni ọ̀gá pè mí. Mánéjà ilé iṣẹ́ bisikíìtì náà ni àbúrò ìyàwó wọn. Ọmọkùnrin tí wọ́n lè bí ni, ṣùgbọ́n àna kì í kéré: bó bá ti fóònù, ọ̀gá á dìde dúró kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì Olúyọ̀lé síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà tiwọn rí èsì àwọn òṣìṣẹ́ wọn láti ọ̀hún."

"Sà, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ wọn nìkan ni wọ́n máa rí."

"Àna mi ni! Ṣé kí n ní kí àna dúró síta ni? Kí gbogbo èsì tó wà nílẹ̀ sì wọ inú ẹ̀rọ lónìí, kí wọ́n má baà wá bá ilé òfìfo."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọ̀gá buwọ́ lù ú láìkà á. Mo fi Olúyọ̀lé kún ìwé ìgbàwọlé, mo sì fóònù Ring Road pé kí wọ́n kó gbogbo èsì sínú ẹ̀rọ.

"Gbogbo ẹ̀?" ni ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wí. "Ti ọ̀gá fúnra wọn ńkọ́, èyí tí wọ́n ní ká fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀?"

"Gbogbo ni wọ́n kọ síhìn-ín," mo ní.

N kò sùn dáadáa. Mo ti ṣèlérí fún obìnrin yẹn, ọwọ́ mi kan náà ló sì kọ ìlà kejì.

Lọ́sàn-án Ẹtì, fóònù dún. Ọ̀gá dìde dúró. Ohùn àna wọn ròkè débi pé mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà.

"Búọ̀dá, ṣúgà yín mà ti ga o! Ẹ sì ń jẹ kéèkì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi bí ẹni ń san ẹ̀jẹ́! Mo ti sọ fún àǹtí mi. Wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Ọ̀gá jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí wọn tí wọ́n jókòó bá àna sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n bú mọ́ mi: "Ta ló ní kí èsì mi wà níbẹ̀?"

Mo fi ìwé tí wọ́n buwọ́ lù hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí.

"Ẹ yọ Olúyọ̀lé kúrò! Kíá!"

"Àna ńkọ́, sà?"

"Kí àna máa gbé ilé tiẹ̀!"

Mo ní kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì lọ́tẹ̀ yìí. Kó tó di agogo méjì, ìlà kan ló kù. Agogo méjì kọjá díẹ̀, àna tún fóònù, ó ní ẹ̀rọ ò dá òun lóhùn mọ́.

"Ẹ̀rọ ni, àna mi," ni ọ̀gá wí. "Kò mọ ìwà hù."

Ní agogo mẹ́rin, èsì obìnrin náà wọlé.

Lọ́jọ́ Ajé, ó dé kí n tó ṣí fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti rí i?"

"Rárá. Èmi, dókítà, àti ìwọ."

Ó ka ìwé náà, ó ká a kéékèèké, ó fi í sínú bàtà, ó ní òun gbọ́dọ̀ tètè máa lọ kí òun má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́.