Lọ́rì Tí Ọkọ Mi Ń Pè Ní Àbẹ̀kẹ́

Ọjọ́ tí lọ́rì ọkọ mi kọṣẹ́ lọ́nà Awo ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Ayé òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rinlẹ̀ nígbà náà, lọ́rì kò sì pọ̀ ní Ẹdẹ. Ọkọ mi fún tirẹ̀ ní oríkì, ó ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Èmi tó fẹ́ sílé, "Ìyá Ràfíù" lásán ni mò ń jẹ́.

A kó iṣu, a gbọ̀nà. A kò tíì rìn jìnnà tí abẹ́rẹ́ tó ń fi agbára ọ́ìlì hàn fi wálẹ̀ pátápátá, tí ẹ́ńjìnnì sì ń dún gbàgbàgbà. Ọkọ mi pa á kíá, ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ.

"Ọ́ìlì kún," ló wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Kò kàn gòkè ni. Nǹkan há Àbẹ̀kẹ́ lọ́fun."

Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ṣé ohùn rẹ̀ gbọ̀n báyìí?

Ó wọ abẹ́ lọ́rì, ó da ọ́ìlì sínú garawa, ó tú asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Aṣọ ló dí i. Mo gbà á, mo nù ún: àdìrẹ ni, etí gèlè ìgbéyàwó mi tí mo ti ń wá káàkiri ilé!

"Bàbá Ràfíù, ẹ fi gèlè mi ṣe kí ni?"

"Mo fi nu inú Àbẹ̀kẹ́ nígbà tí mo tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́jọ́sí. Aṣọ tó rọ̀ ni mo wá, kó má baà ha á lára."

Ó dá asẹ́ àti ọ́ìlì padà sáyè wọn, lọ́rì sì gbéra. N kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Awo. Kò tilẹ̀ mọ̀. Àbẹ̀kẹ́ ló ń kí ní pẹ̀lẹ́.

Títí dòní, bí ẹnìkan bá bi mí bóyá mo ní orogún, mo máa ń ní ọ̀kan ṣoṣo ni, òun ló sì jẹ gèlè ìgbéyàwó mi.