Ọmọ́tọ́lá Rin Ẹsẹ̀ Lásán ní Glasgow

Èmi ni mo rán aṣọ àdúrà tí Ọmọ́tọ́lá wọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ bá a wí, ẹ bá mi wí díẹ̀ mọ́ ọn. Télọ̀ ni mí ní Akanran. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bí i, èmi sì ni àbúrò tí kì í lè pa ẹnu mọ́. Inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀rín la fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí báyìí, torí ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ẹkún.

Ọmọ́tọ́lá ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Glasgow, ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì. Kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú, ibi tó jìnnà jù lọ tó ti sùn rí ni ilé àbúrò bàbá rẹ̀ ní Adégbayì tí kò jìnnà sí wa, ọjọ́ méjì péré ló sì lò níbẹ̀ tó fi ní òun ń lọ sílé. Ẹ wá wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ilé alájà mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Bó bá pàdé àgbàlagbà lórí àtẹ̀gùn, á kí wọn, á béèrè ara, á béèrè ilé, á béèrè ọmọ. Kó tó béèrè tán, wọ́n ti dé ìsàlẹ̀.

"Àǹtí Morẹ́nikẹ́," ó wí fún mi lórí fóònù, "agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú níbí. Mi ò mọ ìgbà tó yẹ kí n máa sọ pé ẹ káalẹ́."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ aláìmoore. Ó ní inú bọ́ọ̀sì ni ara ti máa ń tu òun jù, torí gbogbo èrò ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ìjókòó iwájú ló máa ń wá, kó lè máa gbọ́ ọ.

Ohun tó wá fẹ́ dá a padà sílé kì í ṣe òtútù, kì í sì í ṣe ìwé. Ìdánwò kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe. Wọ́n á mú àgbàlagbà kan jókòó, á ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Akẹ́kọ̀ọ́ á bá a sọ̀rọ̀, á yẹ ara rẹ̀ wò, àwọn olùkọ́ á sì máa kọ ohun tí wọ́n bá rí. Lóṣù Kejìlá, Ọmọ́tọ́lá fìdí rẹmi. Ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa o. Ilẹ̀ ló ń wò. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí ò wo aláìsàn lójú, pé ó ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ aláìsàn ò kàn.

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Ta ló tọ́ ọmọ ní Akanran tí ọmọ náà á máa wo àgbà lójú kòrókòró? Àwa fúnra wa la fi ìfọ́tí kọ́ ọ pé kó máa wolẹ̀. Ó wolẹ̀ tán, wọ́n ní kò níwà! Bí inú ti wù kó bí mi tó, ìyẹn ò kan ilé ìwé. Wọ́n fún un ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀kan sí i, ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kejì. Bó bá tún já kulẹ̀, ilé ló ń bọ̀.

Ó fi dígí kọ́ ojú rẹ̀ títí. Bó bá dá wà, ojú á dúró. Bí àgbàlagbà bá ti yọ, ojú á tún bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ó gbààwẹ̀, ó ní òun á lọ gbàdúrà. Ní ìjọ tiwa, ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun kì í wọ bàtà. Ní Akanran, láti ilé la ti ń wọ aṣọ náà, ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Glasgow, inú báàgì ni Ọmọ́tọ́lá máa ń gbé tiẹ̀ sí, ó di inú ṣọ́ọ̀ṣì kó tó wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn ló wá rò ó pé bóyá ohun tó bà á jẹ́ gan-an nìyẹn, pé òun ti sọ Ọlọ́run di ohun tí à ń gbé sínú báàgì.

Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tí mo rán, ó fi bàtà sílẹ̀, ó bọ́ sí títì. Yìnyín ti bo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì lọmọ yìí ń kọ́ o! Nígbà tí Ìyá Àdúrà ìjọ wa gbọ́, wọ́n gbá orí mú. Wọ́n ní, "Inú aṣálẹ̀ ni Mósè ti bọ́ bàtà. Ta ló ní kó bọ́ tiẹ̀ nínú yìnyín?"

Ó ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ta òun bí iná. Nígbà tó yá, òun ò mọ nǹkan kan lẹ́sẹ̀ mọ́, òun wá rò pé Ọlọ́run ló gbé òun. Ọlọ́run kọ́, ẹsẹ̀ ló ti kú. Kò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tó fi ṣubú lẹ́bàá ọgbà ilé kan, tí kò lè dìde.

Ìyá àgbà kan rí i láti ojú fèrèsé. Bó bá jẹ́ èmi ni mo rí ẹni tó wọ aṣọ funfun balẹ̀, tó jókòó sínú yìnyín láìwọ bàtà, ilẹ̀kùn ni ǹ bá tì gbọn-in. Ìyá yìí gbé aṣọ ìbora, wọ́n jáde. Jíìnì ni orúkọ wọn, wọ́n á ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Wọ́n fà á wọlé, wọ́n gbé e jókòó sórí àga, wọ́n bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n di apá àga mú, wọ́n rọra kúnlẹ̀, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú omi.

Ọmọ́tọ́lá ké. Àgbà kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ọdún mọ́kànlélógún! Ó fẹ́ fa ẹsẹ̀ yọ, ó fẹ́ kúnlẹ̀ tiẹ̀, omi dà sí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi!"

"Jókòó jẹ́ẹ́," ni Ìyá Jíìnì wí. "Bí mo bá dìde báyìí, orúnkún mi ò ní gbà kí n tún kúnlẹ̀ mọ́."

Wọ́n wá gbójú sókè láti ibi tí wọ́n wà, wọ́n wò ó lójú. "Ṣé ó ń dùn ọ́ níbí? Níbí ńkọ́?"

Ó wò wọ́n padà, kò sì mọ̀ pé òun ń wò wọ́n. Láti oṣù márùn-ún tó ti dé ìlú yẹn, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń ṣe é tó sì dúró gbọ́ èsì. Ó bú sẹ́kún, ó ro gbogbo ẹjọ́ rẹ̀, tìdánwò tàárò ilé. Ìyá náà gbọ́ ọ tán. Wọ́n fi fóònù bi dókítà léèrè ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, wọ́n bọ ìbọ̀sẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ náà gbóná, wọ́n sì yá a ní bàtà ọkọ wọn olóògbé. Bàtà tí ń fì lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yìí ló fi dé ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n ń ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá arúgbó kan ló jókòó dè é. Ọmọ́tọ́lá ní ojú òun tún ti fẹ́ máa lọ sílẹ̀. Ló bá rántí orúnkún Ìyá Jíìnì, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ nílé. Ẹni tó kúnlẹ̀, òkè ló kù kó wò. Ó wò wọ́n lójú, kò sì rí i bí àfojúdi rárá. Ó bi wọ́n pé níbo ló ń dùn wọ́n. Bàbá gbàgbé pé eré ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti eékún tó ń dà wọ́n láàmú lóòótọ́. Ọmọ́tọ́lá yege.

Ọjọ́ tí èsì jáde, ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ́tọ́lá ló wà lójú fóònù, Ìyá Jíìnì sì jókòó tì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ti to ìdúpẹ́ òyìnbó sẹ́nu, mo fẹ́ fi hàn pé mo kàwé. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ òyìnbó. Wọ́n na fóònù sí mi kí n bá wọn gbé e, wọ́n sì kúnlẹ̀ lórí àkísà aṣọ tó wà nílẹ̀, eékún méjèèjì.

Ìyá Jíìnì figbe ta, wọ́n ń bẹ Ọmọ́tọ́lá pé kó sọ fún ìyá rẹ̀ kó dìde.

"Sọ fún wọn pé mi ò ní dìde," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ibi tí ọwọ́ mi ò dé, ọwọ́ wọn ló dé e."

Mo wá gbogbo òyìnbó tí mo tò sẹ́nu, mi ò rí ọ̀kan. Mo fi fóònù ti ara ẹ̀rọ ìránṣọ, mo kúnlẹ̀ tì wọ́n.